Ìṣẹ́jú Mélòó? Àyẹ̀wò Rírì Ọkọ̀ Òwò Falaba ní 1915

Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, òfin ogun ojú omi kò fàyè gba ọkọ̀ ogun láti ṣàdédé rì ọkọ̀ òwò. Ó gbọ́dọ̀ dá a dúró, kí ó yẹ ìwé àti ẹrù rẹ̀ wò. Bí ó bá sì di dandan kí ó rì í, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ síbi tí ewu kò sí. Ọkọ̀ ogun ńlá lè ṣe èyí. Ọkọ̀ abẹ́ omi ni kò rọrùn fún: inú rẹ̀ há, kò sí àyè ìgbèkùn níbẹ̀, bí ó bá sì yọ sókè, ìbọn lásán lè dá a lu.

Ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tó ń kó lẹ́tà, èrò àti ẹrù láàrin Liverpool àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló ni Falaba. (Ìlú Falaba wà ní àríwá Sierra Leone.) Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 28, oṣù Ẹrẹ́nà, 1915, ọjọ́ kejì tó kúrò ní Liverpool, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, U-28, bá a lójú omi tó wà láàrin Wales àti Ireland. Von Forstner, ọ̀gá U-28, pàṣẹ kí gbogbo èrò bọ́ sínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké àsálà. Wọ́n ṣì ń sọ ìwọ̀nyí kalẹ̀, èrò ṣì wà lórí Falaba, nígbà tí ó ta àdó olóró abẹ́ omi lù ú. Ènìyàn 104 ló kú. Leon Thrasher, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń lọ sí Gold Coast, wà lára wọn. Ikú ẹnìkan yìí ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ààrẹ Wilson.

Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n rí? Àwọn Jámánì ní 23 ni, àti pé Falaba ń fi iná pe ọkọ̀ mìíràn. Lord Mersey, tó ṣe ìwádìí ti Titanic ní 1912, ló ṣe ìwádìí fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní àkókò náà kéré jọjọ, ó sì dá U-28 lẹ́bi. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: olùkọ́ tí yóò fi ìtàn yìí kọ́ni gbọ́dọ̀ gbé tọ̀tún-tòsì kalẹ̀, kí ó má sì fi pamọ́ pé ọta ìbọn wà nínú ẹrù Falaba. Síbẹ̀, ìbáà jẹ́ 10, ìbáà jẹ́ 23, èrò kò tíì tán lórí ọkọ̀ náà. Orí èyí ló yẹ kí ẹjọ́ náà dúró lé, kì í ṣe orí aago.

Láti ọjọ́ kìíní, oṣù Èrèlè, 1917, Jámánì pa ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú tì pátápátá. Ní oṣù Bélú ọdún náà, U-96 rì ọkọ̀ Elder Dempster mìíràn, Apapa, tó ń ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bọ̀, nítòsí Anglesey ní Wales. Ó lé ní 70 ènìyàn tó bá a lọ.

Ní 1936, àwọn orílẹ̀-èdè tún fọwọ́ sí òfin àtijọ́ náà ní London, Jámánì sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 3, oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, 1939, ọjọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun gan-an, U-30 rì ọkọ̀ èrò Athenia láìkìlọ̀.