Bí Àrá Bá Kọlu Ènìyàn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò kan, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àrá sán ní oko kan tí kò jìnnà sí pápá ìṣeré wa, àgbẹ̀ kan sì ṣubú lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré dé ibẹ̀, àwa olùkọ́ méjì sì wà nínú wọn. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Àwọn kan ní kí a dúró de àwọn oníṣàngó. Àwọn mìíràn ní iná ṣì wà lára rẹ̀, pé yóò gbé ẹnikẹ́ni tí ó bá súnmọ́ ọn. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì náà káwọ́ gbera, a ń wò. Kí ọkọ̀ tó dé, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Nítorí ọjọ́ náà ni a ṣe tọrọ ojú ewé yìí nínú ìwé àyájọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa.

A kò kọ ọ́ láti fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Láyé àtijọ́, ẹni tí àrá bá pa ti kúrò lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Ṣàngó, pẹ̀lú Mágbà tí í ṣe olórí wọn, ni wọ́n máa ń gbé òkú náà, tí wọ́n ń ṣe ètùtù, tí wọ́n sì ń gba ohun tí wọ́n bá bù lé ẹbí. Ẹ̀rù yìí kò tí ì tán lára àwa tí a ń lọ sí ilé ìjọsìn. Ó kàn pa aṣọ dà ni, ó wá di, “Iná ṣì wà lára rẹ̀.”

Iná kankan kò sí lára rẹ̀. Kí ojú tó ṣẹ́, mọ̀nàmọ́ná ti kọjá wọ ilẹ̀ lọ. Ara ènìyàn kì í ṣe bátìrì tí ń tọ́jú iná pamọ́. Ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe náà ti ọ̀dọ̀ wáyà iná wá, nítorí ẹni tí wáyà bá gbé, tí wáyà náà sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí a ó fi pa iná. Ti àrá kò rí bẹ́ẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn tí àrá bá kọlù ni kì í kú. Àwọn tí ó ń kú, ọkàn wọn ni ó máa ń dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn ní agbára láti tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀. Apá ọpọlọ tí ń pàṣẹ èémí ni ó máa ń pẹ́ kí ó tó jí. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé ní àkókò náà, ọkàn yóò tún dúró lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn sì ṣòro láti jí. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí àrá bá gbé ènìyàn púpọ̀ ṣubú, ẹni tí ó dákẹ́ bí òkú ni a ó kọ́kọ́ sáré bá. Ẹni tí ń kérora ń mí. Ó lè dúró díẹ̀.

Bí àrá bá ṣì ń sán, ẹ tètè gbé e wọ inú ilé tàbí inú ọkọ̀, nítorí àrá lè bọ́ sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ pè é, ẹ gbá a léjìká, ẹ wo àyà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá mí dáadáa, kí ẹnì kan pe 112. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìdojúsókè lórí ilẹ̀ líle. Ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan lé àárín àyà rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, ẹ na ìgúnpá yín tààrà, kí ẹ sì tẹ àyà náà wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, nígbà 30, ní ìwọ̀n 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ fún imú rẹ̀ pa, kí ẹ sì fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì títí àyà yóò fi gbéra. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń rẹ ènìyàn ju bí a ti rò lọ, nítorí náà kí ẹlòmíràn gbà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì.

Ẹni tí ń mí ṣùgbọ́n tí kò mọ ara rẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má ṣe bu omi, epo pupa tàbí àgbo sí i lẹ́nu: ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tutù kí ó má sì lè gbé e. Èyí sábà máa ń kọjá lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, síbẹ̀ kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, àní bí ó tilẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Ní ti pápá ìṣeré, abẹ́ igi máńgòrò kì í ṣe ibi ìsádi. Àrá máa ń fò láti ara igi bá ẹni tí ó fara tì í. Bí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, tí àrá sì dún kí ẹ tó ka ìṣẹ́jú àáyá 30, kò ju kìlómítà 10 sí yín lọ. Ẹ wọlé, kí ẹ má sì jáde títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn èyí tí ó dún kẹ́yìn.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, lẹ́yìn ẹ̀kọ́, àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi àpò tí a ki òwú sí kọ́ bí a ti ń tẹ àyà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà bá wa wo ọwọ́ wa bóyá ó gún.