Àpótí Ìmọ̀: Ọ̀dà Kì Í Pa Èbu

Èbu ni ohun dúdú tó máa ń hù lára ògiri tó bá ń tutù, irú èyí tó ń bo búrẹ́dì tó ti bu. Ọ̀rinrin ló ń gbé e ró, nítorí náà ọ̀dà kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ní Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí bàbá Awaab Ishak fẹjọ́ èbu sun onílé rẹ̀ lọ́dún 2017, ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé kó kùn ún lọ́dà. Awaab, ọmọ ọdún 2 péré, kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Lọ́dún 2022, adájọ́ tó wádìí ikú náà ní èbu inú ilé ló fa àìsàn èémí tó pa á.

Ẹnìkan lè ní bílíìsì ṣáà ń pa èbu. Òótọ́ ni, pàápàá lára táìsì, ṣùgbọ́n bí páìpù bá ṣì ń jò, yóò tún hù. Bí a bá sì po bílíìsì mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gáàsì klórínì tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ló ń tú jáde. Ibi tó ń jò ni kí ẹ kọ́kọ́ dí.