Èèpo Àgbọn, Ọ̀rá Píọ̀ Wọ́tà àti Oyè Ọ̀mọ̀wé

Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ọ̀jọ́ lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé nínú Materials Science and Engineering ní yunifásítì mìíràn, ìbéèrè kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin máa ń bi mí bí mo bá yà sí ẹ̀ka: "Brọ̀dá, kí gan-an lẹ ń ṣe níbẹ̀?" Àwọn kan rò pé irin la ń rọ. Àwọn mìíràn rò pé a ó kàn ṣe nǹkan tuntun kan, a ó gbé e síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, wọn ó sì máa pè wá ní dókítà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Oṣù 14 ni èrò yẹn gbà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìmọ̀ náà jẹ́. Ẹ mú gbágùúdá kan náà láti oko kan náà. Ẹ rin ín, ẹ dì í sápò kí omi rẹ̀ ro, ẹ yan án, ó di gàrí. Ẹ rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, ẹ jọ̀ ọ́, ó di fùfú. Ẹ rẹ ẹ́, ẹ sá a sóòrùn, ẹ wá lọ̀ ọ́, ó di láfún. Gbágùúdá ni gbogbo wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa bu láfún sómi tútù, kó fi ṣúgà sí i, kó máa mu ún. Bí a ṣe ṣe nǹkan ló ń pinnu bí inú rẹ̀ ṣe máa tò. Bí inú rẹ̀ ṣe tò ló ń pinnu ìwà rẹ̀. Ìwà rẹ̀ ló sì ń sọ iṣẹ́ tí a lè fi í ṣe. Nǹkan mẹ́rin yìí ni gbogbo ìmọ̀ ohun-èlò dúró lé lórí. Alágbẹ̀dẹ náà mọ̀ ọ́n. Bó bá ti irin pupa fòò tó ní kábọ́ọ̀nù tó bọ inú omi, irin náà á le. Bó bá bò ó mọ́ inú eérú kó máa tutù díẹ̀díẹ̀, á rọ̀. Ohun tó kù tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé ni pé: kí ló fà á, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ìgbà wo ni kò sì ní rí bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè ni iṣẹ́ náà, kì í ṣe ẹrù tí a gbé kalẹ̀. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lọ kò tilẹ̀ wá láti ẹ̀ka wa. Ọ̀dọ̀ àwọn awalẹ̀pìtàn ló ti wá. Ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì pọ̀ nínú ilẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń jiyàn: ṣé àwọn ará Ifẹ̀ ló ṣe gíláàsì náà fúnra wọn ni, àbí wọ́n kàn ń yọ́ èyí tí àwọn oníṣòwò gbé wá láti ọ̀nà jíjìn? Ní 2006, James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé èròjà inú gíláàsì náà yàtọ̀ sí ti òkèèrè. Abídèmí Babátúndé Babalọlá wá gbé ìbéèrè náà síwájú fún oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Rice University, ní Amẹ́ríkà. Ó walẹ̀ ní Igbó Olókun ní 2011 àti 2012. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí níbẹ̀ lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì àti pàǹtí iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n yẹ èròjà inú wọn wò, kálísíọ́mù àti alumínà pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́nà tí a kò rí nínú gíláàsì àwọn ará òkèèrè ayé ìgbà náà. Ibi tó parí sí ni pé Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15. Ó gba oyè rẹ̀ ní 2015.

Ẹ wò ó dáadáa. Kò bèèrè pé "báwo ni ìtàn ìlẹ̀kẹ̀ ṣe rí ní gbogbo Áfíríkà?" Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, ẹlòmíràn ló ti ṣílẹ̀kùn rẹ̀, inú ohun-èlò náà fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn sì wà. Àfọ́kù ìkòkò àti pàǹtí, tí ẹlòmíràn ìbá gbá dànù, wà lára ohun tó jẹ́rìí.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí n dé orí ara mi. Ọ̀pọ̀ yín mọ bí èèpo àgbọn ṣe ń pọ̀ létí ọ̀nà láti Ọ̀tọ̀ lọ sí Àgbádárìgì, ẹ sì mọ bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ṣe ń dí gọ́tà ní Ìyànà-Ìbà. Mo ní màá lọ èèpo líle àgbọn kúnná, màá yọ́ ọ̀rá náà, màá pò wọ́n pọ̀, màá fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n di pátákó pẹlẹbẹ. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni mo ṣe ìpín àkọ́kọ́. Nígbà tí a fi ẹ̀rọ fà wọ́n wò, wọ́n le ju ọ̀rá lásán lọ dáadáa. Inú alábòójútó iṣẹ́ mi dùn. Mo kọ ìsọníṣókí ránṣẹ́ sí àpérò kan, wọ́n sì gbà á.

Ní oṣù Kẹfà mo tún un ṣe. Òṣùwọ̀n kan náà, ẹ̀rọ kan náà, asẹ́ kan náà. Ńṣe ni pátákó náà ń já bí búrẹ́dì tó ti gbẹ. Mo wo ojú ibi tó já: ihò wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ni. Àpérò ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Màá sọ òtítọ́ fún yín. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n kó ti ọyẹ́ nìkan lọ. Ta ló máa mọ̀? Nọ́ńbà rẹ̀ kì í ṣe irọ́, èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Òru méjì ni n kò fi sùn dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta mo kó méjèèjì lọ bá alábòójútó mi. Ó yẹ̀ wọ́n wò títí, ó ní: "Ṣé o lè sọ fún ẹlòmíràn bó ṣe máa ṣe é tó fi máa jáde bí ti àkọ́kọ́?" Mo ní n kò lè sọ ọ́, sà. Ó ní, "A jẹ́ pé a ò tíì ní èsì nìyẹn." Mo kọ̀wé sí àwọn alápèérò pé mo ti fa iṣẹ́ mi sẹ́yìn. Ó dùn mí, n kò ní purọ́.

Ẹni tó là mí lójú ni ìyá onílé mi ní Okokomaiko, tó ń ta èlùbọ́. Ó rí mi níbi tí mo ti ń kó ìyẹ̀fun àgbọn sínú ike.

"Ọmọ ìwé, ṣé o sá nǹkan yẹn kó o tó kó o pamọ́?"

"Ẹ̀rọ ni mo fi lọ̀ ọ́, Màmá. Ó ti gbẹ tẹ́lẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó gbẹ lójú ni. Èlùbọ́ tí mo lọ̀ nígbà ọyẹ́, mo lè gbé e jù síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ti ìgbà òjò, bí n kò bá tún un sá, á bu. Afẹ́fẹ́ ló ń bomi sí i."

Mo dúró gbagidi. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ń yọ́ ní nǹkan bí 110°C, a sì ń pò ó ní ìgbóná tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ń hó ní 100°C. Omi tí ìyẹ̀fun mi ti fà láti inú afẹ́fẹ́ oṣù Kẹfà ń hó nínú ọ̀rá tó yọ́, kò sì rọ́nà jáde. Òun ló ń gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn. Pẹ̀lúpẹ̀lù, èèpo àgbọn fẹ́ràn omi, ọ̀rá sì kórìíra rẹ̀, nítorí náà wọn kì í fẹ́ dì mọ́ ara wọn dáadáa tẹ́lẹ̀. (Èmi tí mo ń gbé ilẹ̀ Àwórì! Àwọn àgbà ní àwo tí Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè ń tẹ̀ lé lórí omi ló rì ní Ìṣẹ̀rì, tí orúkọ náà fi wá. Bó bá jẹ́ amọ̀ tí wọ́n sun ni, ó ní ihò tí omi ń gbà wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ má lọ bi àwọn ọba wa pé èmi ni mo ní kí ẹ béèrè o.)

Mo ra òṣùwọ̀n kékeré. Mo ń wọn ìyẹ̀fun, mo ń gbé e sínú ààrò oníná ní 105°C, mo ń tún un wọ̀n títí ìwúwo rẹ̀ kò fi yí padà mọ́. Pátákó tí mo fi ìyẹ̀fun gbígbẹ bẹ́ẹ̀ ṣe ní oṣù Kẹjọ, òjò ń rọ̀ lóde, le bí ti ọyẹ́.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi gan-an ti bẹ̀rẹ̀. "Ṣé èèpo àgbọn lè mú ọ̀rá le?" kì í ṣe ìbéèrè oyè ọ̀mọ̀wé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́. Ìbéèrè mi nísinsìnyí ni bí omi inú afẹ́fẹ́ etí òkun wa ṣe ń ba ìdìmọ́ra àwọn méjèèjì jẹ́, àti bóyá fífọ ìyẹ̀fun náà pẹ̀lú sódà tí àwọn aṣọṣẹ ń lò á dín in kù. Sódà náà ń fọ ọ̀dà àti ọ̀rá ara èèpo dànù, ojú rẹ̀ á wá rí ṣákaṣàka, ọ̀rá á rí ibi dì mú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ọ̀nà yìí: pé ẹ ti ka Físíìsì kò dí yín lọ́wọ́, àmọ́ ẹ wo ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń lọ ń béèrè kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù. UNILAG, OAU ní Ifẹ̀, FUTA ní Àkúrẹ́ àti AUST ní Àbújá ń kọ́ni nímọ̀ yìí dé oyè ọ̀mọ̀wé. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń gba ẹlòmíràn látorí oyè àkọ́kọ́, wọn a sì máa san owó fún un bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ìwádìí. TETFund ń ran àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lọ́wọ́. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbọ́kàn lé e. Kí ẹ tó yan alábòójútó, ẹ ka ohun tó ti kọ, kí ẹ sì wá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan lọ bá, kì í ṣe lójú ọ̀gá. Ẹ béèrè ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ tó wà. Maikirosíkóòpù oní-elékítírọ́nù lè jẹ́ ibòmíràn ni ẹ máa fi ẹ̀yà iṣẹ́ yín ránṣẹ́ sí, tí ẹ ó sì dúró. Nítorí náà, ẹ yan ìbéèrè tí òṣùwọ̀n, ààrò àti asẹ́ lè dáhùn ìdajì rẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ mi àkọ́kọ́ ní nọ́ńbà nìkan. Èyí tí mo ń lò báyìí ní ọjọ́, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ìgbà tí wọ́n mú iná lọ nígbà tí ọ̀rá ṣì wà nínú ẹ̀rọ, àti ìṣẹ́jú mélòó tí jẹnẹrétọ̀ gbà kó tó gbé e.

Sẹ́mínà mi kejì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn pátákó oṣù Kẹfà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo lẹ déètì mọ́ wọn lára. Ìyá onílé mi gba ọ̀kan nínú wọn, ó ní kí òun fi tẹ́ abẹ́ àpò èlùbọ́ òun kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má bàa dé e.