Àìgbóhùn Òjijì: Àtúnyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ "Adití" àti Àwọn Èdè-Ìperí Tí Ó Yẹ Kí Ó Bá A Rìn

1.0 Ìfáárà

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé láti ara igbe àwọn ẹyẹ àkọ̀ tí ó tẹ́ ìtẹ́ sórí igi ńlá kan ni orúkọ Modákẹ́kẹ́ ti ṣẹ̀. Etí ni ó sọ ìlú náà lórúkọ, etí náà ni ó sì ń so àwọn ará ibẹ̀ pọ̀. Ẹni tí a bá kí láti ẹ̀yìn pé "Ẹ kú iṣẹ́ o", tí kò dáhùn, onígbèéraga ni a ó pè é. Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan bá jí ní òwúrọ̀ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ mọ́, àárín òun àti àwùjọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń dàrú. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà lè dá ìtọ́jú dúró, ó sì dábàá àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ àti ògbufọ̀ lè lò.

2.0 Ìhun àti ìtumọ̀ "adití"

Mọ́fíìmù mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe di, àti ọ̀rọ̀-orúkọ etí. Bí a bá ti sọ pé "etí rẹ̀ di", ohun tí ó wá sí ọkàn ni pé nǹkan kan dínà. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń kán àdín sí etí. Èrò yìí tọ̀nà bí ìdọ̀tí bá dí ihò etí. Ṣùgbọ́n nínú àìgbóhùn òjijì, tí agbára ìgbọ́ràn fi ń dín kù ní ìwọ̀n dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì 30, ó kéré tán, láàárín wákàtí 72, inú etí lọ́hùn-ún, níbi tí ó ká bí ìkarahun ìgbín, tàbí iṣan tí ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ, ni àléébù wà. Etí kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń ṣe. Etí lè máa hó, òòyì sì lè máa kọ́ni. Àdín kò lè dé ibẹ̀. Oògùn sítẹ́rọ́ìdì ni àwọn dókítà sábà máa ń lò, ó sì sàn jù bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ tí a fi ń wá ohun tí ó dínà kiri, ọjọ́ tí a pàdánù ni.

3.0 Àwọn èdè-ìperí tí a dábàá

(i) Etí dídi: kí a fi mọ sí ibi tí nǹkan ti dínà ní tòótọ́.

(ii) Àìgbóhùn òjijì: "àìgbọ́ràn" kò bá a mu, nítorí ìwà àìgbọràn sí àṣẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí.

(iii) Agbọ́kótódití: ẹni tí ó ti gbọ́ràn, tí ó ti ń sọ̀rọ̀, kí ó tó dití. Èyí yàtọ̀ sí adití àbínibí. Kò sì yẹ kí a pe ẹni náà ní odi, nítorí ohùn rẹ̀ kò lọ.

4.0 Ohùn tí ètè kò lè fi hàn

Agbọ́kótódití a máa wo ẹnu olùsọ̀rọ̀ kí ó lè mọ ohun tí ó ń sọ. Nínú èdè olóhùn, èyí nira. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kò yàtọ̀ síra lójú ẹni tí ń wo ètè. Bákan náà ni "ó bú u" àti "ó mú u", nítorí ètè pàdé nínú /b/ àti /m/. Ìdí tí "àìgbóhùn" fi yẹ nìyí: ohùn tí onímọ̀ èdè pè ní òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ náà wà lára ohun tí ó sọnù.

Nítorí náà, kí ará ilé kọjú sí i níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn: "ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́", "ọkọ́ tí a fi ń roko". Igbe kíké kò ràn án lọ́wọ́. Ìwé kíkọ àti èdè àfọwọ́sọ ń ràn án lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 11 ni Andrew Foster ti Amẹ́ríkà nígbà tí àìsàn sọ ọ́ di adití. Òun náà ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957 àti ní Ìbàdàn ní 1960.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó fún ipò mẹ́ta. Bí olùkọ́ bá fi ìyàtọ̀ wọn kọ́ni, ẹni tí etí rẹ̀ ṣàdédé lọ yóò tètè dé ilé-ìwòsàn, àwọn aládùúgbò rẹ̀ yóò sì mọ̀ pé àìdáhùn kì í ṣe ìgbéraga. Kí wọ́n bọ́ sí iwájú rẹ̀ kí wọ́n tó kí i.