Ọmọ Ọwọ́ Kò Tíì Mọ̀ Pé Ilẹ̀ Ti Ṣú

Ṣé ẹ ti bá ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbé inú ilé kan náà rí? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tó bímọ. Lọ́sàn-án, ọmọ á sùn fọnfọn. Tó bá di aago méjì òru, á lajú kedere. Tí a bá pa iná, igbe!

Lóru ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi na ìgò oògùn kan sí mi. Aládùúgbò ló fún un.

"Ìwọ lò ń ka sáyẹ́ǹsì. Ṣé kí n fún un ní díẹ̀, kí gbogbo wa lè sùn?"

Mo ka ara ìgò náà: promethazine. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un." Àlàyé tí mo ṣe nìyí.

Aago kan wà nínú ọpọlọ wa tó ń sọ ìgbà oorun àti ìgbà jíjí fún ara. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ọpọlọ á tú hómóònù melatonin jáde, oorun á sì máa kùn wá. Aago ọmọ tuntun kò tíì dúró dáadáa. Ó máa ń tó nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta kí melatonin tirẹ̀ tó mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Kì í ṣe pé kì í sùn o! Ó lè sun wákàtí 14 sí 17 lójúmọ́, àmọ́ wẹ́wẹ́ ló ń sùn ún, torí inú rẹ̀ kéré, ebi sì ń tètè pa á.

Oògùn kò lè tún aago yẹn ṣe. Lọ́dún 2004, FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ní promethazine, torí ó lè dá èémí rẹ̀ dúró.

Kí wá ni ká ṣe?

Láàárọ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ bá a ṣeré. Lóru, ẹ jẹ́ kí iná mọ níwọ̀nba. Ẹ fún un lọ́mú, ẹ pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, láìbá a ṣeré. Ẹ jẹ́ kí ètò alẹ́ máa jọra: ìwẹ̀, ọmú, orin, ibùsùn.

Ẹ máa fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ lórí ibùsùn tó le, láìsí ìrọ̀rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń polongo èyí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994, iye ọmọ tó ń kú lójijì lójú oorun ti dín kù ju ìdajì lọ. Tí ọmọ bá gbóná tàbí tó kọ ọmú, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Kí aago rẹ̀ tó dúró, ta ni á máa jí?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹni tí oorun ń pa ló ń wá oògùn. Mo ní, "A ó pín in." Bí aago méjì òru ṣe di tèmi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi á fún un lọ́mú, á padà sùn. Èmi á gbé ọmọ títí oorun á fi gbé e lọ.

Ọmọ ti pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá báyìí. Lálẹ́ àná, ó sun wákàtí márùn-ún gbáko. Èmi ni mo lajú sílẹ̀, tí mò ń retí igbe.