Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌJÍRÒRÒ: KÍ A TÚN UN ṢE NI, TÀBÍ KÍ A RA ÒMÍRÀN?

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lórí ẹ̀rọ kan tí ó ti wọ ilé púpọ̀ nínú wa, èyíinì ni kọ̀ǹpútà alágbèéká tí àwọn ọmọ wa ń pè ní laptop. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ń fi kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, akápò ń fi ṣe ìṣirò owó, àwọn mìíràn nínú wa sì ń fi rí ojú ọmọ-ọmọ wọn tí ó wà lókè òkun. Nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, tàbí tí kò tàn mọ́, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wa ń bi ara wa: ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n ra òmíràn?

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún 2016 tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àkọ́bí mi ra kọ̀ǹpútà kan fún mi. Mo lò ó fún ọdún méje láìsí wàhálà. Nígbà tí ó di ọdún 2023, ó wá ń pẹ́ kí ó tó ṣí. Mo lè gbé omi tíì kaná, kí n pò ó, kí n sì mu ún tán, kí ó tó ṣe tán. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún un ṣe. Ó ní hard disk rẹ̀, níbi tí gbogbo ohun tí a kọ ń gbé, ti ń kú lọ, òun yóò fi tuntun sí i. Mo ní kí ó máa ṣe é. Kò béèrè ohun tí ó wà nínú ti àtijọ́, èmi náà kò sì sọ fún un.

Nígbà tí mo padà gbà á, ó yá kánkán, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣófo. Àkọsílẹ̀ owó ìrànlọ́wọ́ àwọn opó, tí mo ti ń kọ fún ọdún mẹ́rin, ti lọ. Èyí tí ó dùn mí jù ni ohùn ìyá mi. Mo ti gba oríkì orílẹ̀ wa sílẹ̀ lẹ́nu wọn kí wọ́n tó papò dà, kò sì sí ní ibòmíràn. Mo sáré padà, wọ́n ní àwọn tí ń ra àlòkù irin ti kó hard disk àtijọ́ náà lọ. Àkọsílẹ̀ owó, a tún un kọ láti inú àwọn rìsíìtì. Ohùn ìyá mi, n kò rí i mọ́ títí di òní.

Ìdí nìyí tí kókó kìíní fi ṣáájú gbogbo ìyókù.

KÓKÓ KÌÍNÍ: OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀ ṢÁÁJÚ Ẹ̀RỌ FÚNRA RẸ̀

A lè ra kọ̀ǹpútà lọ́jà, ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí a ti ń ra ohun tí a ti kó sínú rẹ̀. Kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn àwòrán, ìwé àti àkọsílẹ̀ yín sórí fláàṣì tàbí hard disk tí a ń fi wáyà so mọ́ ọn láti òde. Ẹ̀dà kan kò tó. Ẹ fi ọ̀kan sílé, kí òmíràn wà lọ́dọ̀ ọmọ yín tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí irú Google Drive.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá tilẹ̀ tàn mọ́, ẹ má sọ̀rètí nù. Ó ṣeé ṣe kí hard disk rẹ̀ ṣì wà láàyè, kí ẹni tí ó mọṣẹ́ yọ ọ́, kí ó so ó mọ́ òmíràn, kí ó sì ṣe ẹ̀dà ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún un kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé, “Èyí tí o bá yọ, èmi ni n ó gbà á.”

KÓKÓ KEJÌ: Ẹ MỌ OHUN TÍ Ó Ń ṢE É

Gbogbo wa ni a mọ aṣọ rírán. Aṣọ tí ó tú lójú ìrán, abẹ́rẹ́ àti òwú ni ó ń fẹ́. Èyí tí ara rẹ̀ ti gbó, bí a ti ń rán an níhìn-ín ni yóò máa ya lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà.

(a) Bí kò bá tàn rárá: Ẹ kọ́kọ́ yẹ ṣájà wò. Ẹ yá ti ẹlòmíràn tí ẹnu rẹ̀ bá tiyín mu, tí iye volt tí a kọ sí i sì jẹ́ ọ̀kan náà. Nígbà mìíràn, ihò tí ṣájà ń wọ̀ ni ó ti mì. Iṣẹ́ kékeré ni èyí.

(b) Bí ó bá ń falẹ̀: Hard disk ti àtijọ́ ní àwo tí ń yí bí àwo orin. Èyí tí a ń pè ní SSD kò ní ohun tí ń yí nínú, ó sì yára jù ú lọ púpọ̀. Bí RAM rẹ̀ bá jẹ́ 4GB, a lè sọ ọ́ di 8GB, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ná, nítorí a ti jó ti àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mìíràn mọ́ inú wọn, kò ṣeé fi kún. Àtúnṣe méjèèjì yìí ni ó ń sọ arúgbó kọ̀ǹpútà di ọ̀dọ́.

(d) Bí ó bá ń gbóná, tí ó ń pariwo, tí ó sì ń kú fúnra rẹ̀: Eruku ni ó sábà máa ń dí fáànù rẹ̀. Kí a tú u, kí a nù ún. Ẹ má sì gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì tàbí ìrọ̀rí bí ẹ bá ń lò ó, kí ó lè rí ibi mí.

(e) Bí bátìrì kò bá pẹ́: Bí a ti ń gba iná sí i lọ́dọọdún ni agbára rẹ̀ ń dínkù, ooru sì ń mú un yá. Lórí Windows, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ṣí Command Prompt, kí ó tẹ powercfg /batteryreport. Ìwé tí yóò jáde yóò sọ agbára tí bátìrì ní nígbà tí ó wà ní tuntun àti èyí tí ó kù. Bí ti tuntun bá jẹ́ 40,000, tí èyí tí ó kù sì jẹ́ 16,000, ìdá méjì nínú márùn-ún ni ó kù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí bátìrì bá wú, tí ó ń ti ibi ìtẹ̀wé sókè, ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì gún un. Ó lè gbiná.

(ẹ) Bí ó bá jẹ́ motherboard: Pátákó tí ohun gbogbo so mọ́ nìyí. Bí omi bá wọ̀ ọ́, tàbí tí iná tí ó wá lójijì bá jó o, èyí ni aṣọ tí ara rẹ̀ gbó. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo gbọ́. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì kí ẹ tó sọ pé ó ti kú.

KÓKÓ KẸTA: ÌṢIRÒ

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀lé ni pé, bí owó àtúnṣe bá ju ìlàjì owó tí a ó fi ra irú rẹ̀ lọ, kí a ra òmíràn. Ẹ jẹ́ kí a fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ, nítorí iye ọjà ń yí padà. Bí àtúnṣe bá jẹ́ ₦60,000, tí tòkunbọ̀ tí ó dára sì jẹ́ ₦200,000, ẹ tún un ṣe. Bí àtúnṣe bá jẹ́ ₦130,000, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ tún fi ọdún pín in: ₦60,000 tí yóò fún wa ní ọdún méjì jẹ́ ₦30,000 lọ́dún, ₦200,000 tí yóò fún wa ní ọdún mẹ́rin jẹ́ ₦50,000 lọ́dún.

Ohun kan ṣì kù tí ìṣirò owó kò lè sọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dá àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè RAM 4GB ó kéré tán, àyè ìkó-nǹkan-sí 64GB, àti ohun ààbò tí a ń pè ní TPM 2.0. Ní ti ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí Intel ń ṣe, ìran kẹjọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 2017, àti èyí tí ó tẹ̀lé e ni ó gbà, yàtọ̀ sí díẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí kò bá lè gbà á kò kú, ṣùgbọ́n ó dàbí ilé tí kò sí ẹni tí yóò tún kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe mọ́. Kò yẹ kí a máa fi ṣe iṣẹ́ báńkì. A lè fi Linux Mint sí i, ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́.

KÓKÓ KẸRIN: BÍ Ó BÁ DI RÍRÀ

Yálà ní Computer Village ní Ìkẹjà ni, tàbí ní ìtòsí ilé, ẹ má kánjú. Ẹ lò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsí ṣájà níwájú ẹni tí ń tà á. Ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo kámẹ́rà, ihò fláàṣì, àti ìdè tí ó so ojú rẹ̀ mọ́ ìdí. Ẹ béèrè ìran ọpọlọ rẹ̀. Ẹ rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì tí a kọ iye ọjọ́ tí a lè fi dá a padà sí.

Ti àtijọ́ ńkọ́? Ẹ má sun ún, ẹ má sì jù ú sí ààtàn, nítorí òjé lè wà nínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi tọrẹ, ẹ yọ hard disk rẹ̀ tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọṣẹ́ nu inú rẹ̀ mọ́ pátápátá. Pípa ìwé rẹ́ lásán kò tó.

Ní tèmi, mo fi Linux Mint sórí kọ̀ǹpútà ọdún 2016 náà, òun ni mo sì fi kọ ẹ̀kọ́ yìí. Iṣẹ́ owó ẹgbẹ́ ti kúrò lórí rẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta ni mo ń ṣe nísinsìnyí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù yín tí owó kò lè rà padà? Ẹ̀dà mélòó ni ó ní?
2. Ta ni àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ wa wà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kú lónìí, níbo ni a ó ti rí i?
3. Àtúnṣe jẹ́ ₦75,000, tòkunbọ̀ irú rẹ̀ jẹ́ ₦180,000, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà kò lè gba Windows 11. Kí ni ẹ ó gba akápò nímọ̀ràn láti ṣe? Ẹ sọ ìdí.

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí oníkálukú mú fláàṣì kan wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa ran àwọn àgbà lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀dà. Bí ìyá yín bá ṣì wà láàyè, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì fi pamọ́ sí ibi méjì.