Ẹ Jẹ́ Kí Àyẹ̀wò Ṣáájú Oògùn



Lásìkò òjò, bí ara ọmọ bá ti gbóná, ọ̀pọ̀ wa a sáré lọ ra oògùn màlíríà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni màlíríà. Òtútù àyà a máa mú ara gbóná. Taífọ́ọ̀dù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń fi oògùn màlíríà wo òtútù àyà, ọjọ́ ń lọ, àìsàn sì ń wọlé sí ọmọ lára. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) fi sọ ní ọdún 2010 pé kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a bá fura sí wò kí a tó fún un lóògùn màlíríà.

Báwo ni àyẹ̀wò ṣe ń mọ̀?

Nínú àyẹ̀wò kíákíá tí a ń fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣe, èròjà kan wà tó ń di ohun tí kòkòrò màlíríà tú sínú ẹ̀jẹ̀ mú. Ojú kò lè rí nǹkan náà. Nítorí náà, wọ́n fi ẹ̀rún góòlù tíntìntín ṣe àmì sí i. Ìyẹn ló ń kó jọ di ìlà pupa.

Àwọn onímọ̀ ti rí ọ̀nà mìíràn tí kò nílò àmì. Wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ sára sílíkọ́nì, èyí tí a ń rí láti inú yanrìn. Ó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tó lé ní 100 fi lè tò sínú ìbú irun orí kan. Ìmọ́lẹ̀ ń yí po nínú rẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń yọ síta. Bí amọ̀ bá lẹ̀ mọ́ agogo, ohùn agogo á yí padà. Bákan náà, bí ohun tí a ń wá bá lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà yìí, ìmọ́lẹ̀ á yí padà, ẹ̀rọ á sì kà á. Nítorí pé ìdọ̀tí náà lè lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń fi òmíràn tí kò ní èròjà ìdímú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi wé e. Iléeṣẹ́ Genalyte ní San Diego, Amẹ́ríkà, ti fi irú rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Bó ti wù kí ẹ̀rọ gbọ́n tó, kò wúlò fún ẹni tó ti gbé oògùn mì kó tó bèèrè. Nítorí náà:

1. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì bèèrè àyẹ̀wò.
2. Bí ìlà C kò bá hàn, àyẹ̀wò náà ti bàjẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe.
3. Bí kò bá sí màlíríà, ẹ má fi agídí ra oògùn rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wá ohun tó ń ṣe ọmọ.
4. Bí gìrì bá mú ọmọ, tàbí tí kò lè mu omi, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ànábì wa (SAW) kọ́ wa pé kí á máa wá ìwòsàn. Àyẹ̀wò ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún ìdílé wa ní àlàáfíà. Àmín.